Ta Ló Fa Ta Jáde?

Ìdí àtẹ ata ní ọjà Beresford Square, ní Woolwich ní London, ni Ikram ti gbọ́ bí òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Auntie Tọ́lá tó ń ta ata níbẹ̀ ló gbá a mọ́ra, tó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọsibítù. Ó ní kí ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Uncle Teslim. Wọ́n ní inú ihò kan lábẹ́ òkun ní Malta ni ẹ̀rù ti ba Ikram, tí afẹ́fẹ́ tán mọ́ ọn lẹ́nu, tó ń jà ràpàràpà, kí Teslim tó wọ́ ọ nírun jáde síta.

Irun kẹ̀? Láti àtàrí dé ọrùn ni rọ́bà bo Ikram lọ́jọ́ náà. Ká tiẹ̀ ní kò sí rọ́bà, ṣé Teslim ti rí irun rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń wé híjáàbù ni? Ṣùgbọ́n ó san owó ata, ó sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì Thamesmead.

Ẹni tí kò bá mọ Teslim kò lè mọ bí irọ́ yìí ṣe tó. Òun ni ọkọ Medinat, Medinat sì ni ẹ̀gbọ́n Ikram, ọmọ ìyá kan náà. Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ẹnu ẹni tó ń wà á ni àbùkù wà. Bí Teslim bá ra bàtà, kò tún sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Woolwich. Bí ọ̀fìnkìn bá mú un, ọ̀fìnkìn tí dókítà kò rí irú rẹ̀ rí ni. Òun àti Medinat ló mú Ikram wá láti Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tó wà lọ́mọdé, ilé wọn ló gbé títí tó fi di nọ́ọ̀sì, kò sì sí ọdún Iléyá kan tí ọkùnrin yìí kò rán an létí lójú àlejò. Aṣoore lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni.

Ikram ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mòòkùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló mú un wọ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n tí a fi ń rìn lábẹ́ omi. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló wù ú. Kò sí aláìsàn tó ń pè, kò sí Teslim tó ń sọ̀rọ̀. Àṣé ìgbádùn náà kò ní pẹ́. Nígbà tí Teslim gbọ́ pé ọmọ tí òun tọ́ ń ṣe ohun tí òun kò mọ̀ ọ́n ṣe, ara rẹ̀ kò gbà á; òun náà wọ ẹgbẹ́, ó kọ́ ọ nínú púùlù, wọ́n ní ó yege. Láti ọjọ́ náà ni etí ò ti gbádùn mọ́. Ó ra aṣọ rọ́bà, ó ra bàtà pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó ra ọ̀bẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ojúgun, bí ẹni pé àbùùbùtán ń lúgọ dè é ní ibùdókọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ gbogbo rẹ̀ lọ sí etí omi Southmere, ó ní kí Amirah ọmọ òun ya òun ní fọ́tò. Kò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi. Àwọn tó ń fún ẹyẹ ní búrẹ́dì níbẹ̀ kàn ń wò ó.

Bí ẹgbẹ́ ṣe wá ní àwọn ń lọ sí Malta, Teslim ló kọ́kọ́ sanwó, wọ́n sì fi òun àti Ikram ṣe ẹnìkejì ara wọn, torí méjì-méjì ni wọ́n ń lọ lábẹ́ omi. Kí wọ́n tó wọ inú ihò, ọkùnrin ará ibẹ̀ tó ń ṣamọ̀nà wọn kà wọ́n lófin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ibi tí kò ti ní rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà mọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì bá sì ní kí á padà, wọ́n ti padà nìyẹn. Kò sí ìdí tí wọ́n ń bi í, kò sí ọ̀gá, kò sí kékeré.

Èyí pa Teslim lẹ́rìn-ín. Ó fi Yorùbá sọ fún Ikram pé ojú àwọn òyìnbó yìí kò mọ àgbà, pé ṣé kí ọmọ kékeré kan máa fi ìka pe òun padà bí ẹni ń pe ajá ni. Ikram bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àpọ́nlé lásán ni, irú èyí tí a máa ń rín fún àgbà kí ilé lè rọgbọ, òun sì ni àṣìṣe rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ti fún Teslim ní àṣẹ kí wọ́n tó kan omi rárá.

Ihò náà dára, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Omi rẹ̀ rí bí aró lẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé gbọọrọ gba ẹ̀yìn wọn. Gbogbo èèyàn ń tẹ̀lé amọ̀nà jẹ́jẹ́. Teslim nìkan ló rí àlàfo tóóró kan ní apá òsì, tó gbà lọ́kàn pé ibẹ̀ lòun ti máa ya fídíò tí àwọn tó ń gẹrun ní Woolwich kò ní gbàgbé. Ó yà síbẹ̀. Ikram wo géèjì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó kù ṣe pọ̀ tó, ó rí i pé ti Teslim ti ń lọ sílẹ̀ burúkú, torí ó ń mí bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ tó ń sá tẹ̀lé e. Ó tọ́ka sí géèjì náà. Ó fi ìka ṣe àmì pé kí wọ́n padà.

Teslim fi ìka na àyà ara rẹ̀, èmi àgbà, ó sì fọwọ́ lé Ikram sẹ́yìn bó ṣe máa ń lé ọmọdé kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó wọlé lọ.

Kí ló yẹ kí Ikram ṣe? Ẹsẹ̀ ló yẹ kó dì mú, kó fà á padà bó bá fẹ́ kó máa bínú. Nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún dókítà pé ó ti ṣe àṣìṣe, lójú aláìsàn, ni Ikram. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló gbá a mú. A kì í sọ pé rárá fún àgbà lẹ́ẹ̀mejì, a kì í sì í fi àgbà sílẹ̀ kí á máa lọ. Ó mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni, ó sì tẹ̀lé e.

Bí wọ́n ṣe wọlé ni ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ Teslim gbá ilẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà dìde, omi sì di ògì mọ́ wọn lójú. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tàn kàn tún sọ ọ́ di funfun báláú ni, wọn kò rí ọwọ́ ara wọn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ kan fi yọ láti inú ògì náà, tó fa rọ́bà tí Ikram fi ń mí yọ lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ Teslim ti tán. Akọni tí àbùùbùtán ń bẹ̀rù kò rántí ọ̀bẹ, kò rántí Medinat. Ẹnu ọmọ tó tọ́ ló já afẹ́fẹ́ gbà.

Ikram wá rọ́bà ìmí kejì, ti pàjáwìrì, tó wà láyà rẹ̀ kàn, ó fẹ́ omi inú rẹ̀ jáde, ó mí. Ó pa tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ó gba ti Teslim, ó pa òun náà. Òkùnkùn ṣú biribiri, Teslim sì ń gbọ̀n lára rẹ̀ bí adìẹ òjò pa, ṣùgbọ́n Ikram dúró, ó ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ rẹ́rẹ́ ní apá ọ̀tún, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ó di okùn sìlíńdà ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì wọ́ ọ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń wọ́ àgbò iléyá.

Lórí omi, Teslim bì, ó bì títí. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Ikram mú.

“Ikram, jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nílé.”

“Kò sí wàhálà, Uncle,” ni Ikram wí.

Ó sì bò ó lóòótọ́. Ó rò pé ìtìjú á pa á lẹ́nu mọ́. Kò mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí o bá fi aṣọ bo àṣírí wọn, wọ́n á gbé aṣọ náà wọ̀ lọ sóde.

Ọjọ́ tó ti ìdí àtẹ ata dé ni Medinat pè é. Ó ní àdúrà ọpẹ́ ti wà nílé àwọn lọ́jọ́ Sunday, Alfa Nurain ń bọ̀, lẹ́yìn àdúrà Ikram á kúnlẹ̀ fún Uncle lójú àwọn èèyàn, á dúpẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ikram sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

“Mo mọ̀,” ni Medinat wí. “Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni mo ti mọ̀. Ìkúnlẹ̀ kan péré ni, Ikram. Bá mi ṣe é. Tó o bá dójú tì í, ìwọ á padà sílé ẹ, èmi ni mo máa bá a gbé.”

Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, ó sì gbà. Ṣebí eékún ní ń kúnlẹ̀, kì í ṣe ọkàn.

Ní ọjọ́ Sunday, ilé kún. Alfa Nurain gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n bu ìrẹsì. Teslim wà lórí àga ńlá nínú jálábíà funfun, ó ń sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ihò náà ti gùn sí i. Ejò òkun kan tí Ikram kò bá pàdé rí ti wọ inú rẹ̀. Auntie Tọ́lá ń ṣe háà, àwọn ọkùnrin ń mi orí. Medinat fi ojú bẹ Ikram, Ikram sì dìde, ó lọ síwájú àga náà, ó tẹ eékún.

Teslim gbé ọwọ́ sókè kí ó tó balẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan kù. Ó ní níwọ̀n bí ọwọ́ tó yọ Ikram ti ṣì lágbára, tó bá di ìgbà ooru òun á mú Amirah lọ sínú ihò kan náà, Amirah ni yóò sì jẹ́ ẹnìkejì òun. Ọmọbìnrin náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nínú púùlù, rẹ́rìn-ín dé etí. Ó gba gbogbo ìtàn bàbá rẹ̀ gbọ́, títí kan ejò. Ibikíbi tí bàbá rẹ̀ bá yà sí, ó máa tẹ̀lé e.

Ikram nà dúró padà.

“Ẹ má bínú, Uncle. Amirah ò lè bá yín lọ. Tó bá ní kí ẹ padà, ẹ ò ní padà.”

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Alfa Nurain ní kí ọmọ náà rọra, pé ọjọ́ ọpẹ́ ni. Ì bá sì tán síbẹ̀ ká ní Teslim lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó rẹ́rìn-ín, kó ní ọpọlọ ọmọ náà kò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Gbogbo ilé ni ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu òrofó ní ń pa òrofó.

“Ta ló máa ní kí n padà?” Ó ti dìde dúró. “Ìwọ náà ṣe é fún mi níbẹ̀, ṣé mo dá ẹ lóhùn? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi mú wá sí London! Nítorí pé mo mí nínú afẹ́fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo wá di ẹrú ẹ?”

Ṣíbí dúró lẹ́nu àwọn tó ń jẹun.

“Afẹ́fẹ́ wo?” ni Auntie Tọ́lá béèrè. Kò ní ibi lọ́kàn. Ìtàn náà ni kò yé e mọ́. “Ta ló mí nínú afẹ́fẹ́ ta? Ṣebí tiẹ̀ ló tán?”

Teslim wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Kò sẹ́ni tó dìde. Amirah ti gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

“Daddy, so Auntie Ikram sọ fún ẹ pé turn back, o ò turn?” Ọmọ náà kò pariwo. “That's the first thing tí wọ́n kọ́ wa.”

Medinat ló gbé kúlà ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó kọjá níwájú ọkọ rẹ̀ bí ẹni kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú àbúrò rẹ̀.

Ikram dì í ní apá, ó ń fà á sókè. “Auntie mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má ṣe báyìí sí mi.”

“Fi mí sílẹ̀,” ni Medinat wí. “O gbé ọkọ mi wá fún mi láàyè, mo wá ní kí ìwọ kúnlẹ̀. Ọmọ mi tó o dá dúró lónìí, ṣé òòró ni kí n ti dúpẹ́ ẹ̀?”

Kò dìde. Alfa Nurain gbé ọwọ́ sókè láti ṣe àdúrà, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe, ó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Amirah wá, òun náà sì kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Teslim ti padà jókòó sórí àga ńlá nínú jálábíà funfun rẹ̀, ó ń dúró kí ẹnìkan wojú òun, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú ilé náà tó wò ó.