Ará Ilé tí Mo Bá Lórí Ládiípọ̀

Fèrèsé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Ládiípọ̀ ọkọ mi, lókè etí òsì, wọ́n sì ti kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ ọn. Mo gbé àga síbẹ̀, mo gun àga náà, mo ń yọjú. Láti ìgbà tí orí rẹ̀ ti dàrú ni kò ti pè mí ní Àṣàkẹ́ mọ́. "Ìwọ obìnrin yìí" ló ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ Àṣàkẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ tó ti kú jókòó sídìí àga, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹnikẹ́ni ò sà sí ọmọ mi o. Kòkòrò ni. Ọwọ́ tó fi ń kó ìgbẹ́ ológbò rẹ̀ ló gbé e sẹ́nu." Ó na ife oògùn sí mi. "Dà á sí kòkòrò náà lára, kó máa lọ."

Mo ṣí nẹ́ẹ̀tì. Pálọ̀ ni inú ibẹ̀. Kòkòrò kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ jókòó lórí sófà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún Ládiípọ̀ nígbà tí a ń fẹ́ra.

"Ìyàwó, o ò tiẹ̀ kí èèyàn," ló wí. "Ta ló kọ́kọ́ wọlé yìí nínú àwa méjèèjì?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí ìyàwó bá nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, bó ti wù kó kéré tó. Mo kúnlẹ̀ lórí àga. Ìyàwó kì í sì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ àbísọ, nítorí náà mo fún un lórúkọ bí mo ṣe fún àwọn àbúrò ọkọ mi yòókù.

"Ẹ kúulé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu Ládiípọ̀ ni ẹ̀rín náà gbà jáde.

"Yéè!" Ìyá ọkọ mi da ẹ̀wà nù. "O sọ ọ́ lórúkọ? Ó ti di ọmọ ilé nìyẹn! Ta ló ń fi oògùn lé ọmọ ilé?"

Mo wo inú ife. Ó ti gbẹ.

"Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi," ni kòkòrò wí. "Kí ni kí n fi san án fún ọ?"

Kí n tó sọ̀rọ̀, Ládiípọ̀ ti yíjú sí mi. "Àṣàkẹ́," ló wí, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é nígbà tí ìfẹ́ wa ṣì tutù bí omi àmù.

"Má jẹ́ ẹ o!" ni ìyá rẹ̀ ń pariwo. "Òun kọ́ ló ń pè ọ́! Bí o bá jẹ́ ẹ, o ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò nìyẹn!"

Mo mọ̀ pé òun kọ́.

"Olówó orí mi," ni mo dáhùn.

Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó jáde.