Awọ Ọwọ́ Inessa

Inessa fi ọ̀bẹ ya ọrùn bàtà ológun bàbá rẹ̀, ó tẹ́ awọ náà sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi tó bá ń fà bíi rọ́bà kò wúlò. Ibi tó bá le ni yóò gé.

Ní ìlú Penza ní Rọ́ṣíà nígbà náà, kálukú àwa ọmọbìnrin eléré ìdárayá tá à ń fò, tá à ń yí lórí ọ̀pá ló ń rán awọ ọwọ́ tirẹ̀. Ìka méjì la ń tì bọ ihò orí rẹ̀, a óò wá so ìdí rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ bó. Ṣùgbọ́n bó bá gùn jù, yóò ká mọ́ ọ̀pá, yóò há. Ara á máa yí lọ, ọwọ́ ò ní yí mọ́. Egungun á ṣẹ́.

Ti Inessa ya láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò pẹ́ rárá tí olùkọ́ wa, Nonna Arkadyevna, fi mú tuntun wá fún un. Ìyẹn gan-an ló kọ ọ́ lóminú. Obìnrin tí kì í fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ lásán! Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè, ìdíje ọjọ́ kejì ni yóò sì pinnu ẹni tó máa gbà á. Inessa ti gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù rí, àmọ́ ọjọ́ orí ti ń lé e, ara Zlata ọmọdé sì ni ojú olùkọ́ wà.

"Ẹ ṣé, mà," ni Inessa wí. "Màá rán tèmi."

"Ṣé mo fi májèlé sí i ni?" Nonna jù ú sí Zlata. "Ìwọ gbà á, ọmọ tó mọ oore."

Zlata wọ̀ ọ́, ó gun ọ̀pá. Inessa ń rán awọ tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣe òun níbi, ṣé yóò fi ohun kan náà lé àyànfẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́? Àbí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé awọ náà ò dára? Nígbà tí Zlata sọ̀ kalẹ̀, awọ náà ti dẹ̀, ó wú sókè láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bọ́ ọ, Zlata. Awọ ikùn màlúù nìyẹn, ó ń fà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ìdíje ku ọ̀la, ẹ wá ń dẹ́rù bà mí."

"Bọ́wọ́ ẹ bá kán, ta ni màá wá dá lọ́la?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dá mi!"

Inessa bọ́ awọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi awọ náà kọ́ ọ̀pá, ó so irin wúwo mọ́ ọn, ó ní kí Zlata àti olùkọ́ lọ mu tíì. Nígbà tí wọ́n padà, awọ ti gùn, ó ti ká mọ́ ọ̀pá, etí rẹ̀ fẹnu kora wọn. Olùkọ́ fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọkùnrin tí mo ti gbà á búra fún mi pé awọ ẹ̀yìn ni! Oyin tá a fi ń pa ọ̀pá kó má bàa yọ̀ lọ́wọ́ ni mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀."

Inessa wò ó títí. Kò mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́. Ó kàn wọn ọwọ́ Zlata, ó sì ya bàtà kejì.

"Kí wá ni bàbá yín máa wọ̀?" ni Zlata béèrè.

"Á máa wọ bàtà onírun rẹ̀. Na ọwọ́ ẹ dáadáa."

Kí Zlata tó wọ awọ tuntun tí Inessa rán fún un, eyín ló fi fa gbogbo ojú ìrán rẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, awọ méjèèjì dúró gbọn-in. Zlata ló ṣe ipò kìíní, òun ló gba àyè náà. Inessa ṣe ìkejì. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń gun ọ̀pá ní gbọ̀ngàn wa, àní bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló mú awọ wá, kí Inessa tó fà á wò.