Ẹni Tí Yóò Sọ̀kalẹ̀ Gbà Á

Fàsásì kò tíì dìde lórí ẹní ìrun Àsùbáà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún ní Jẹ́bba. Qúdrát, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń pè láti Bẹ́yẹrúnkà, n'Íbàdàn. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ní ìyá òun ti lọ, pé àwọn alfa ní lẹ́yìn ìrun Àìlà ni àwọn yóò sin ín, pé wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó tìtorí rẹ̀ pè.

"Bàbá Jẹ́bba, ẹ rántí ohun tí wọ́n wí o. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ gba àwọn."

Ó rántí. Ọdún Iléyá tó kọjá ni Àtọ́kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é jókòó, tó ní òun kò bí ọkùnrin, ọkọ òun ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn sì ti lọ tán. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí kan òun nínú sàréè. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́, ìwọ náà ni o máa gbé mi." Bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́ ló ṣe sọ ọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Fàsásì ní kí wọ́n yé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ yóò mọ̀ pé Àtọ́kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti pàṣẹ fún un. Ẹ̀yìn Àtọ́kẹ́ ni Fàsásì wà tó fi kọ́kọ́ rí òkè Mápó, láyé ìgbà tí páànù Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba jẹ́ àwọ̀ ìpẹtà kan náà, tí ẹni tó bá dúró lókè yẹn yóò rò pé òrùlé kan ṣoṣo ló bo gbogbo ayé. Ọṣẹ dúdú ni Àtọ́kẹ́ ń tà nígbà náà. Á máa gun òkè, ọmọ lẹ́yìn, igbá ọṣẹ lórí. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun náà ló fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì ní Bẹẹrẹ. Níbẹ̀ ni Fàsásì ti kọ́ bí a ti ń fi etí mọ àìsàn ẹ̀ńjìnnì: a ó fi ẹnu sikudiráfà kan irin, a ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, irin náà yóò sì rojọ́ ara rẹ̀. Ó lé lógójì ọdún tó ti ń fi etí yẹn jẹun. Elétí ni àwọn ọlọ́kadà Jẹ́bba ń pè é.

Ọkọ̀ Ìbàdàn kì í kúrò ní Jẹ́bba àfi tó bá kún, kì í sì í tètè kún láàárọ̀. Máṣìnnì rẹ̀ ni ó nawọ́ sí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló rà á, tuntun àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, irú èyí tí kò ní kábúrétọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń bu epo fún ẹ̀ńjìnnì. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta ti dé láti bá a kẹ́dùn. Bó ṣe ń so àpò irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn máṣìnnì ni Waliyat ọmọ rẹ̀ jáde. Waliyat ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló lọ kọ́ṣẹ́ àwọn máṣìnnì tuntun wọ̀nyí n'Ílọrin. Síkánà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí kò ju fóònù lọ, tí a ń fi wáyà so mọ́ máṣìnnì kó lè kọ ohun tó ń ṣe é sójú gíláàsì.

"Ẹ mú u dání, Bàbá. Ọ̀nà jìn."

"Mò ń lọ sin òkú, o ní kí n gbé dókítà sápò."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín. Waliyat náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó ní òun kò bá etí Bàbá jà. Ó ní àwọn máṣìnnì àtijọ́ a máa pariwo bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n èyí, á kàn dákẹ́ ni.

"Tó bá dákẹ́, n ó bi í léèrè."

Ó ti ẹ̀rọ náà padà sí i láyà. Àyè wà nínú àpò. Ojú àwọn mẹ́ta tó dúró níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí àyè wà: wọn yóò délé wí pé Elétí ti ń gbé síkánà kiri.

Ó sáré kọjá Bódè Sáàdù, ó kọjá Ìlọrin. N'Ógbómọ̀ṣọ́ ó yà ra epo, ìkánjú kò sì jẹ́ kó fa ẹsẹ̀ tí máṣìnnì fi ń dúró sílẹ̀ dáadáa. Máṣìnnì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e dìde, ó nu eruku, ó tún gùn ún. Aago mẹ́wàá ni, Àìlà ṣì jìn. Kò tíì jìnnà sí ìlú nígbà tí ẹ̀ńjìnnì kú lábẹ́ rẹ̀, láìwúkọ́, láìgbọ̀n. Iná pupa rúsúrúsú kan ń wò ó níwájú.

Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó mọ́. Ó wo epo, ó wà. Ó wo bátìrì, ara rẹ̀ le. Ó yọ sikudiráfà, ó fi ti etí, ó di ojú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́ kò lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́, tó ń lù kìkì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lè dá ọ̀kan dúró. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ gbọ́wọ́ sókè, á ní kí òun kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì kan sí i.

Ọ̀sán gangan ni Qúdrát pè, ó bi í pé ibo ló dé.

"Mo ti kọjá Ọ̀yọ́," ni Fàsásì wí. Bọ́ọ̀sì kan tó ń sáré kọjá bá a ti irọ́ náà lẹ́yìn.

Wọ́n tìtorí rẹ̀ sún ìsìnkú sí Alaásárì. Ó pe ìyẹn ní àánú Ọlọ́run, ó tún tẹ̀ mọ́ irin. Nígbà tí Qúdrát pè lẹ́ẹ̀kejì, kò gbé e. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi fóònù sábẹ́ àpò. Ìgbà tí ó gbọ́ ìpè Alaásárì láti abúlé kan nínú igbó ni ó tó jókòó sórí koríko, tó wá pe Waliyat.

Waliyat kò bi í pé kí ló dé tí kò ti pè tipẹ́. Ó bi í bóyá máṣìnnì ṣubú. Ó ní ó ṣubú. Waliyat ní kí ó ká ìjókòó kúrò; ó ní àpótí kékeré dúdú kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń pa ẹ̀ńjìnnì bí máṣìnnì bá ṣubú, kí ó wò ó bóyá wáyà rẹ̀ ti yọ. Wáyà náà ti yọ díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tì í wọlé. Ó tan án, ẹ̀ńjìnnì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti jẹ́, àbí?" ni Waliyat wí. "Ẹ rọra o, Bàbá."

Ó gba Ọjà'ba kọjá nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Oòrùn ti ń wọ̀. Ní Bẹ́yẹrúnkà, àwọn èèyàn ṣì wà lórí ẹní. Òkìtì ilẹ̀ pupa wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti wọ́n omi sí i. Qúdrát kúnlẹ̀ kí i.

"Àwọn alfa ní òkú kì í dúró de ẹni tó wà lọ́nà," ni ó wí. "Ká ní ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún wa lọ́sàn-án ni, ọkọ mi ì bá ti gbé mọ́tò wá gbé yín."

Fàsásì bèèrè ẹni tó sọ̀kalẹ̀.

Àkíbù ni, arúgbó télọ̀ tí ògiri ilé rẹ̀ àti ti Àtọ́kẹ́ kan ara wọn. Ó jókòó sídìí ògiri, ó na ẹsẹ̀, ilẹ̀ pupa bo ṣòkòtò funfun rẹ̀ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ó ní òun tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òkú kí òun tó fọwọ́ kàn án. Fàsásì jókòó tì í.

"Ṣé wọ́n wúwo?"

Àkíbù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Wọn ò wúwo rárá. Àìsàn ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ."

"Ibi orí ńkọ́?"

"Èmi ni mo dì í mú. Mo tú okùn aṣọ òkú níbẹ̀, mo dojú wọn kọ Gábàsì. Mo rọra ṣe é."

Fàsásì mi orí. Nígbà tó ṣe, ó ní kí Àkíbù bọ́ ṣòkòtò náà fún òun. Àkíbù ní kí ló fẹ́ fi í ṣe, pé àwọn ọmọ òun yóò fọ̀ ọ́.

"Mo bẹ̀ yín," ni Fàsásì wí.

Qúdrát wá ìró kan fún arúgbó náà, ó ró o. Fàsásì gbé abọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Epo ẹ̀ńjìnnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, nítorí náà ọwọ́ ló kọ́kọ́ fọ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má ba à ta dúdú sára aṣọ. Lẹ́yìn náà ló rẹ ṣòkòtò náà sómi. Kò fi agbára fọ̀ ọ́. Ó ń fi ìka kan ṣoṣo nu ilẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, omi sì pọ́n. Qúdrát dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi mìíràn, ó ní kí wọ́n da èyí tó ti dọ̀tí sí gọ́tà.

Kò dà á sí gọ́tà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà, ó rìn lọ síbi òkìtì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi orí, ó sì rọra dà á síbẹ̀.