Afẹ́fẹ́ Òtútù fún Ọkọ̀ Pupa

Láti ìgbà tí Darka Hryciuk ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìdí tẹlifóònù ni ọ̀gá rẹ̀, Metro Prystupa, fi í sí ní ilé ìṣẹ́ mẹkáníìkì rẹ̀ ní Dauphin, ìlú olótùútù kan ní ìpínlẹ̀ Manitoba. Òun ni ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, òun ni ó ń po kọfí, òun náà ni àwọn ọkùnrin ń jókòó tì láti ṣàlàyé ohun tí ó mọ̀ jù wọ́n lọ fún un. Ìbínú rẹ̀ kì í hàn lójú. Inú ni ó ti ń ká a bí ẹni ká aṣọ, etí sí etí, títí yóò fi tẹ́jú.

Nígbà tí adágún ìlú náà dì tán tí eré ọkọ̀ orí yìnyín kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá Metro, ó ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo, èyí tí wọ́n fi sáré nígbà ooru, yóò ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa tí ilé iṣẹ́ wọn fi ń díje jẹ́. Afẹ́fẹ́ òtútù ki ju ti ooru lọ. Bí epo kò bá pọ̀ sí i láti bá a dọ́gba, iná inú ẹ́ńjìnnì yóò gbóná kọjá ààlà, yóò sì yọ́ písítìn, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀. Metro wò ó títí, ó ní kí ó tún un ṣe. Bí ọkọ̀ náà bá gba ipò kìíní, iṣẹ́ ètò gbogbo ẹ́ńjìnnì di ti Darka. Bí kò bá gbà á, kí ó má dárúkọ ẹ́ńjìnnì níwájú òun mọ́.

Ọjọ́ eré pé. Òtútù mú débi pé irun imú ń dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sá, èyí tó bá yá jù ni wọn yóò kà. Nestor ọmọ Metro ni awakọ̀. Ó tẹ iná, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkọ̀ pupa wúkọ́, tó tu èéfín dúdú bí ààrò tí wọ́n ki igi tútù sí, tí ọkọ̀ funfun àwọn ará Roblin, ìlú tó múlé gbè wọ́n, sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan bi Darka bóyá ọbẹ̀ borshch ló bù sínú táǹkì.

Metro fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. "Ọmọ mi, o gbìyànjú. Dá ètò ooru padà."

"Bí mo bá dá a padà, ọ̀gá, ẹ ó ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Ó wọ ọkọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Epo wà bí ó ṣe wọ̀n ọ́n. Àsìkò tí iná ń tàn nínú ẹ́ńjìnnì wà ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbóná bí ti oṣù kẹfà, ìgbà ooru! Níbo ni afẹ́fẹ́ oṣù kẹfà ti dé orí adágún yìí? Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ àárín irin iwájú. Páálí ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ láàárọ̀, kí atẹ́gùn má bàa mú kí rédíétọ̀ dì lójú ọ̀nà, bí gbogbo ilé ní Manitoba ṣe ń ṣe kí ọkọ̀ tó jáde. Ọwọ́ ṣe é, kò bi orí. Páálí náà ló dí atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó fẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fà, epo tó yẹ fún afẹ́fẹ́ tó ki ni ètò sì ń bù fún un.

Ó fà á yọ, ó gbé e sókè lójú gbogbo wọn, pẹ̀lú àwòrán pẹrógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun sísè, lára rẹ̀. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ètò mi kò ṣìnà. Ọwọ́ mi ló ṣìnà."

"Páálí pẹrógì!" Nestor rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Gbogbo ìwé tó o kà, Darka, pẹrógì lo fi dí i!"

"Wọ ọkọ̀, kó o yé pariwo."

Lọ́tẹ̀ yìí, bí Nestor ti tẹ iná, ohùn mìíràn ló jáde, ohùn tó mọ́, tó le, tó mi yìnyín títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ń wòran. Èéfín kò sí. Irin ṣóńṣó tí wọ́n kàn mọ́ táyà họ yìnyín, ó fọ́n ọn ká bí iyọ̀, ọkọ̀ pupa fò lọ bí ohun tí wọ́n jù. Darka kò mọ̀ pé òun ń sáré tẹ̀ lé e. Kí ó tó mí sóde, wọ́n ti ń kéde rẹ̀: ipò kìíní.

Nígbà tí ó dé ìdí ọkọ̀ náà, Metro ti ń ṣàlàyé fún àwọn ará Roblin bí òun ṣe ní kí wọ́n fi epo kún un.

Ohùn Darka kò ga. "Ọ̀gá, ẹ tún un sọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Metro yọ ìbọ̀wọ́, ó tún un wọ̀.

"Òun ló ṣe é," ó sọ níkẹyìn. "Gbogbo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín náà, bí ẹ bá fẹ́, òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."

Awakọ̀ Roblin ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.