Aládùúgbò Kẹsàn-án

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àfọwọ́kanlẹ̀ tí àwọn ọ̀gá máa ń ṣe o. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ ọ́fíìsì.

"Màdáàmù, ẹ ṣàánú wa," ló wí. "Gbogbo Ifẹ̀ ló ń wo ọwọ́ yín."

Adérónkẹ́ wo àárín orí rẹ̀ tó ti ń pá. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má pa onítọ̀hún kí òun tó rí i. Ọlọ́run gbọ́. Ẹnjiníà Adéagbo rèé nílẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún. Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn, orúkọ ọkọ sì nìyẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Ẹ dìde, Ẹnjiníà," Adérónkẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Kí lẹ bá wá?"

Ohun tó bá wá kò fara sin. Ọgbà iná Òkèrèwè, níbi tí tiransifọ́mà ńlá tó ń pín iná fún ìdajì ìlú wà, ti gbó. Bí wọ́n bá tan iná sí apá ibí, wọ́n á pa ti apá ọ̀hún. Ilé iṣẹ́ iná fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun wá, wọ́n sì fẹ́ fẹ ọgbà náà sí i. Ṣùgbọ́n àárín ilé àwọn èèyàn ni ọgbà ọ̀hún wà, òfin sì sọ pé ọ́fíìsì ètò ìlú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Adérónkẹ́ ni olórí ọ́fíìsì ètò ìlú. Bí òun kò bá gbà kí oṣù méjì tó pé, ìlú mìíràn ni ẹ̀rọ ń lọ, Adéagbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé padà sí Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá pátápátá á sì fi ipò náà sílẹ̀ tìtìjú-tìtìjú.

"Ẹ fi fáìlì yín sílẹ̀," ló wí. "Òfin la ó tẹ̀lé."

Òfin! Ẹ wá wo bí obìnrin yìí ṣe tẹ̀lé òfin. Ó dá fáìlì padà lẹ́ẹ̀kan, ó ní àwòrán ilẹ̀ ti pẹ́ jù. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní lẹ́tà àwọn panápaná kò sí níbẹ̀. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ẹ̀rọ àti ògiri fi ẹsẹ̀ bàtà méjì dín. Gbogbo rẹ̀ ló bófin mu, kò sí ẹni tó lè mú un sí i. Nígbàkigbà tí Adéagbo bá tún dé, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ṣe ni ara máa ń tu Adérónkẹ́ bí ẹni tó họ ibi tó ń yún un.

Kí ni Adéagbo fi ṣe é? Ẹ jókòó dáadáa.

Fáníyì ni àbúrò kan ṣoṣo tí Adérónkẹ́ ní. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ń gun òpó fún ilé iṣẹ́ iná yìí gan-an, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí wọn kò tíì fún ní ìwé kankan. Adéagbo ni ọ̀gá tó ń rán an níṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, Fáníyì dìde nídìí oúnjẹ níwájú ìyá wọn, ó ní ọ̀gá òun ní kí òun lọ so wáyà tó já ní ìkóríta, wọ́n ti pa iná. Orí òpó yẹn ló kú sí. Bí iná ṣe padà dé ká a mọ́ òkè, ẹnikẹ́ni kò lè sọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Adéagbo ti sọ fún ọlọ́pàá pé olè tó ń gé wáyà ni iná gbé, òun kò rán ẹnì kankan níṣẹ́. Púláyà ọwọ́ ọmọ náà, irin tí gbogbo oníná fi ń gé wáyà, ló fi ṣe ẹ̀rí. Ó tún fi Bíbélì búra lé e lórí. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e kúrò ní Ifẹ̀, ó sì lọ ń jayé orí rẹ̀.

Ìlú gbà á gbọ́! Wọ́n ní Ṣàngó òde òní ti mú olè. Ta ló sì ń bá ẹni tí Ṣàngó mú kẹ́dùn? Ìyá Fáníyì fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà ní Òkèrèwè, ìdajì àdúgbò ló kọ́ ní A, B, D. Màmá Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n di Ìyá Olè. Mùnírátù oníbúrẹ́dì, tí Màmá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní ìwé kíkà, rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ ní Ẹnuwá, gbàgede iwájú ààfin, ó sáré gbá àpò rẹ̀ mọ́ra lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ẹnuwá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ sí ọ́fíìsì Adéagbo kó tó kúrò nílùú, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ní kí mẹ́gàádì lé wọn láìtilẹ̀ yọjú wò wọ́n. Ikú Fáníyì dun Màmá, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi sin ín ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ẹ wá rí i pé Adérónkẹ́ kò ṣe jù.

Nígbà tí kò rí ẹ̀sùn mìíràn mọ́, ó ku ìwé àwọn aládùúgbò. Ilé mẹ́sàn-án ló fara kan ọgbà iná náà. Onílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Àyè wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí onílé á kọ ohun tó ń dùn ún sí, àyè sì wà nísàlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ á fèsì.

"Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ la ó lẹ̀ mọ́ pátákó ní Ẹnuwá fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ará ìlú rí i," Adérónkẹ́ sọ fún Adéagbo.

"Ìyẹn ò le rárá, Màdáàmù," Adéagbo dáhùn, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilé mẹ́jọ fi fọwọ́ sí i. Ilé kẹsàn-án ni ilé Màmá Tíṣà.

Adérónkẹ́ sáré lọ bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má fọwọ́ sí i o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn máa lọ. Kí wọ́n yọ Adéagbo nípò bí ẹni yọ jìgá, kó fojú ara rẹ̀ rí i."

Màmá bó ẹ̀gúsí bí i mẹ́wàá kí wọ́n tó fèsì. "Bí ẹ̀rọ bá lọ, kí ni mo jèrè? Ṣé òkùnkùn ni yóò jẹ́rìí pé Fáníyì kì í ṣe olè? Àwọn tó pè mí ní Ìyá Olè á tún wá pè mí ní ìyá tó gba iná lọ́wọ́ wọn. Ìwọ fẹ́ kó sunkún. Èmi fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Sọ fún un kó wá."

Roqeeb, akọ̀wé Adéagbo, ló kọ́kọ́ wá. Màmá ní kó lọ pe ẹni tó ni iṣẹ́. Ó tún padà wá, wọ́n tún dá a padà. Ìlú ti ń gbóná nígbà náà. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti àwọn oníyìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Adérónkẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì bínú sọ ọ́ sí i lójú pé ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Òṣìkà! Adérónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Adéagbo fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú bùbá funfun báláú, Roqeeb ru iṣu tẹ̀lé e. Àwọn ará àdúgbò tẹ̀lé iṣu dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń yọjú. Adérónkẹ́ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, fáìlì lórí itan. Adéagbo dọ̀bálẹ̀, Màmá ní kó jókòó. Bó ti jókòó tó gbójú sókè, fọ́tò ara ògiri ló rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, akoto ilé iṣẹ́ iná wà lórí rẹ̀.

Adéagbo wo fọ́tò, ó wo Màmá, ó yíjú wo Adérónkẹ́. Ìgbà náà ló tó rí i pé ojú kan náà ni.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí," Adérónkẹ́ wí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Màmá tú aṣọ kékeré kan, wọ́n mú púláyà Fáníyì tí ọlọ́pàá dá padà fún wọn jáde, ó ti dípẹtà, wọ́n gbé e lé orí fọ́ọ̀mù níwájú rẹ̀.

"Bíbélì lo fi búra nígbà yẹn," wọ́n wí. "Ọlọ́run onísùúrù ló ni Bíbélì, o sì ti fi sùúrù rẹ̀ ṣayé. Irin lèyí. Ìwọ náà gun òpó kí o tó di ọ̀gá, irin ló bọ́ ọ dàgbà. Gbé e, kí o fi ẹnu kàn án, kí o sì sọ pé olè ni ọmọ mi. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, màá fọwọ́ sí ìwé rẹ lójú ẹsẹ̀, o ò sì ní gbọ́ ohùn mi mọ́ láéláé."

Adéagbo na ọwọ́, ó gbé púláyà. Ẹ̀rù ba Adérónkẹ́, kí n má purọ́. Ẹni tó ti bá irọ́ sùn fún ọdún méjìlá, kí ni kò ní lè fi ẹnu kàn? Irin náà dé ìsàlẹ̀ imú rẹ̀. Púláyà bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò lè fẹnu kàn án," ó wí. "Màmá, èmi ni mo rán an. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé àlejò ń bẹ nílé ọ̀gá àgbà, kò síná. Mo ní kí wọ́n dá iná padà. Mo gbàgbé pé ọmọ wà lókè. Nígbà tí mo rántí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Mo níyàwó, mo lọ́mọ."

"Yéè!" Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ké. Ọwọ́ pálábá Adéagbo ti ségi.

Adérónkẹ́ kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ọrùn bùbá ọkùnrin náà ló bá lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ti gbé ọwọ́ kejì sókè. "O níyàwó, o lọ́mọ! Fáníyì wá ń kọ́? Igi ló bí òun?"

"Adérónkẹ́, fi í sílẹ̀." Màmá kò pariwo. "Ìwé la wá kọ. Fún un ní fọ́ọ̀mù."

Màmá kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí àyè tiwọn: Ta ló pa ọmọ mi, kí sì ni ẹ ṣe pè é ní olè? Wọ́n na fọ́ọ̀mù sí Adéagbo pé kó fèsì. Ó kọ ọ́. Màmá gbé dígí sójú, wọ́n fa báírò pupa yọ nínú kọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n fi ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé láyé ọjọ́sí. Wọ́n fa ìlà pupa gba orí ìlà àkọ́kọ́.

"'Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀.' Àṣìṣe kì í dá rìn. Ta ló ṣe é? Kọ orúkọ rẹ."

Ó kọ ọ́.

"'Òṣìṣẹ́ kan kú.' Òṣìṣẹ́ wo? Ọmọ mi lórúkọ."

Ó kọ ọ́.

"Ohun tí o pè é dà? O fò ó. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí o sì kọ pé irọ́ ni."

Òógùn ń kán sórí tábìlì. Ó kọ ìyẹn náà. Màmá ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n fi báírò pupa fa àmì ó-gbà-á tó tóbi sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé.

Adéagbo yíjú sí Adérónkẹ́. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kò ṣeé fi pamọ́ sínú fáìlì nìkan?"

Ọdún méjìlá ni Adérónkẹ́ fi dúró de ìbéèrè yẹn láìmọ̀. "Òfin la ó tẹ̀lé, Ẹnjiníà," ó wí. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún, ní Ẹnuwá. Ẹ máa kó iṣu yín dání bí ẹ bá ń lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejìlélógún ni Adérónkẹ́ á tẹ òǹtẹ̀, iná á dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn mọ́. Adéagbo kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó wá wò ó bá àga rẹ̀ lófìfo.

Màmá Tíṣà wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síléèwé, wọ́n di ọwọ́ Adérónkẹ́ mú, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Ẹnuwá. Níwájú pátákó, wọ́n yọ dígí ojú wọn, wọ́n jù ú sínú àpò. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Mùnírátù wà nídìí búrẹ́dì rẹ̀, ó ti bẹ orí mọ́lẹ̀.

"Mùnírátù! Ojú ń dùn mí. Wá bá mi ka ìwé yìí."

Obìnrin náà dìde tìkọ̀-tìkọ̀. Èèyàn ti ń pé jọ. Ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ìgbà tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ wà nínú ọ̀fun. "Èmi Adéagbo ni mo rán Fáníyì gun òpó. Èmi ni mo dá iná padà nígbà tó wà lókè. Mo pè é ní olè. Irọ́ ni."

"Gbé ohùn sókè," Màmá wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mùnírátù tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí olè wà, ẹkún gbé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. "Màmá Tíṣà, ẹ foríjì mí."

Ẹnikẹ́ni kò tíì pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní Ẹnuwá láti ọdún méjìlá. Màmá dúró títí Mùnírátù fi ka ìlà tó kù tán. Wọ́n wá fi ojú wá gbogbo àwọn tó dúró yí pátákó ká, lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé àti àwọn tó bú wọn.

"Ó dára," wọ́n wí. "Ta ló kàn?"