Ariwo Tí Mo Nù Kúrò Nínú Orin Rọra

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Rọra ní òun ń bọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló wọlé. Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ kejì di àpò aṣọ kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì mú, ó sì ń rìn bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀.

"Bọ̀dá Rọra, Ọjọ́ Ajé tí a jọ dá ńkọ́?" Àǹtí mi bi í.

"Ó ti lọ," ni Rọra dáhùn. Ó fa àga, ó jókòó. "Mi ò lè bá a mọ́."

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá méjì ni. Ti iwájú wà fún àwọn oníbàárà, ti ẹ̀yìn, tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wà fún èmi àti kọ̀ǹpútà mi. Bí èèyàn bá ní orin nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, èmi ni màá kó o sínú kọ̀ǹpútà, màá sì nu ariwo ara rẹ̀ kúrò títí yóò fi mọ́. Mo mọ iṣẹ́ náà, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Ẹ gbé ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú òjò wá fún mi, màá dá òjò náà dúró.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Rọra ti ń kọrin. Búlúùsì ni, irú orin tó máa ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láti òde ìfẹ́ tí kò tíì fẹ́ délé, ó wá bu rọ́ọ̀kì díẹ̀ sí i bí iyọ̀. Bí àwọn olórin yòókù bá ń fò sókè lórí pèpéle tí òógùn bò wọ́n, àga ni Rọra máa ń béèrè fún ní tirẹ̀. Yóò ta okùn gìtá méjì, yóò sinmi, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun ta ẹ̀kẹta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Rọra. Òun ló ń kọ gbogbo orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé rẹ̀ ló sì ti ń gbà wọ́n sílẹ̀, nínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá ṣi okùn ta, àṣìta náà ti di ara orin nìyẹn. Kò sí ọ̀kan tó tíì jáde rí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo orin gbọ́ ọ níbi tó ti ń ta gìtá, wọ́n ní kó mú orin méjìlá wá.

Mo yẹ àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wò. Kò sí ìkọ̀wé kankan lára wọn.

"Bàbá, ẹ ò kọ orúkọ sí wọn lára."

"Wọ́n mọ ara wọn," ó ní.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, mo fi hẹ́dífóònù bo etí, ọkàn mi sì yọ́ bí àbẹ́là. Ẹnì kan ṣoṣo ni Rọra ń bá sọ̀rọ̀ nínú gbogbo orin náà. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ìwọ" ló ń pè é. Ìwọ tó o kọ ẹ̀yìn sí mi, kí lò ń rò? Ìwọ tí kì í gbé ojú sókè, mo ti wọlé, mo tún ti jáde. Irun ìpàkọ́ rẹ tó o dì ni mo mọ̀ ju ojú rẹ lọ. Nínú ọ̀kan, ó ní: Má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo nu ojú mi. Mo rí obìnrin náà kedere: arẹwà agbéraga kan, tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò fẹ́ gbà fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Ariwo kan wà lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, tàkà-tàkà-tàkà. Yóò yára, yóò rọlẹ̀, yóò dákẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé fáànù tó ti gbó ni, àbí rédíò náà ló ń ráhùn. Mi ò béèrè. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ kì í bi ìdọ̀tí pé ọmọ ta ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ egungun lára ẹja, nígbà tí mo sì parí, gìtá Rọra nìkan ló kù nínú ìdákẹ́jẹ́, bí òṣùpá. Àwọn ibì kan wà tí orin náà máa ń dúró láìnídìí. Mo ní Rọra ni, ó ń sinmi.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ní kó wá gbọ́ ọ. Ó dé ṣáájú àsìkò. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá. Obìnrin kúkúrú, tó sanra díẹ̀, tó fi téèpù ìwọn aṣọ kọ́ ọrùn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà lára ẹ̀wù rẹ̀ níwájú. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó wà níwájú ilé wọn, kò ju òpópónà méjì sí tiwa.

"Ṣé ìwọ lò ń fọ orin?" ó bi mí.

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Mi ò ní pẹ́. Ẹyọ kan ni ọkọ mi ní kí n wá gbọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ."

"Ẹ bá wa kí wọn o, mà."

"Kì í ṣe ìbẹ̀wò. Mò ń kó lọ ni. Mọ́tò ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi."

Mo wo Rọra. Rọra ń wo òkè àjà.

"Obìnrin kan wà tí òun àti ọkọ mi jọ ń kọrin kiri kí ọkọ mi tó fẹ́ mi," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń sọ ìwọn aṣọ. "Olóhùn-iyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ni gbogbo 'ìwọ, ìwọ' yẹn. Nígbà tí orin náà wà nínú ilé wa nìkan, mo fara dà á. Ṣùgbọ́n kó máa ké nínú rédíò, kí àwọn oníbàárà mi wá wọn ìbàdí, kí wọ́n máa bi mí pé ta ni ọkọ mi ń pè? Kí wọ́n ṣe àwo wọn. Èmi ò ní sí nílé."

"Mo ti sọ fún un pé kì í ṣe Olóhùn-iyọ̀," ni Rọra wí.

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tí a bí àkọ́bí."

"Mo rò pé o gbọ́."

Àǹtí wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Rọra yí sí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ẹni tó fi ẹ̀bùn pamọ́ sẹ́yìn. "Ṣáà gbọ́ ọ ná. Bó o bá gbọ́ ọ, wàá mọ ẹni tí mò ń bá wí."

Mo tan án. Orin náà jáde nínú sípíkà ńlá méjèèjì, ó mọ́ fóò. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àmọ́ ẹ̀rín kúrò lójú Rọra. Ó na ọrùn sí sípíkà ọ̀tún, ó na ọrùn sí ti òsì, ó dìde, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí orin parí, Màmá tún téèpù ọrùn rẹ̀ ṣe. "Ohùn yín ṣì dára," ó ní. "Mi ò gbọ́ ara mi níbẹ̀."

Kí Rọra tó gbé ojú kúrò lẹ́yìn sípíkà, Màmá ti jáde, ilẹ̀kùn sì ti pa dé.

"Ibo ló wà?" ó bi mí.

"Kí ni, Bàbá?"

Ó fi ìka lu tábìlì mi: tàkà-tàkà-tàkà.

"Ariwo yẹn? Mo ti nù ún kúrò, sà."

"Máṣíìnì ìyàwó mi ni," Rọra wí. Kò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Yàrá ìránṣọ ni mo ti ń gba orin sílẹ̀. Èmi á jókòó lẹ́yìn, òun níwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì, òun ni ìlù mi. Bó bá yára, mo yára. Bó bá dúró kó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo dúró dè é."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Mo fẹ́ kó fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Bí mo bá fẹnu sọ ọ́, á ní mo ti gbé ọ̀rọ̀ dídùn mi dé."

Àǹtí kọjú sí mi. "Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé o ti nu òun náà?"

"Ó wà bó ṣe wà."

"Kí lo wá jókòó ṣe?"

Mo gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù wa, mo gbé àpò, mo sá jáde. Rọra ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mọ́tò akẹ́rù kékeré kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà lóòótọ́. Nínú ilé, selífù ti ṣófo, awakọ̀ ti fi okùn di máṣíìnì náà mọ́ tábìlì rẹ̀, Màmá sì ń kó òwú sínú páálí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré."

"Mo ti gbọ́ ẹyọ kan."

"Èyí tí ẹ gbọ́, mo ti bà á jẹ́, mà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe ń wo oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ló ṣe wò mí. "Báwo lo ṣe bà á jẹ́?"

"Mo gé ibi tí kò yẹ kí n gé."

"Ìyẹn kì í ní àtúnṣe."

"Odindi aṣọ ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi, mà."

Ó fi orí júwe ibi tí iná wà. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́.

Tàkà-tàkà-tàkà. Gìtá sì wọlé tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́.

"Máṣíìnì mi nìyẹn," Màmá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ni mo—"

"Dákẹ́." Ó gbé ìka sókè. "Ìṣẹ́tí ni. Ìṣẹ́tí tó gùn báyìí, kọ́tínnì ni. Òwú máa tó já." Tàkà-tàkà dákẹ́ lóòótọ́. Gìtá náà dákẹ́. Ibi tí mo ní Rọra ti ń sinmi nìyẹn. Ó dúró, ó dúró, máṣíìnì tún gbéra, gìtá sì bá a lọ, ohùn rẹ̀ jáde: Má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ.

Màmá fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni," ó rọra wí. "Bí mo bá ń rán kọ́tínnì, ẹnu ni mo máa ń há abẹ́rẹ́ sí."

Arẹwà gíga tí mo ti rò nínú ọkàn mi kò rí ibi jókòó mọ́.

"Fi òmíràn sí i."

Mo fi òmíràn sí i. Ariwo tibẹ̀ kúrú, ó ń dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ ọ́n. "Ẹ̀wù ọmọdé. Ibi apá rẹ̀ nìyẹn, ó kéré, èèyàn á máa dúró yí i. Àkọ́bí wa ni mò ń rán an fún, mi ò tíì bí i nígbà yẹn." Ó jókòó sórí páálí òwú. Páálí náà tẹ̀, kò kọbi ara sí i.

Rọra ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn. "Èmi rò pé—"

"Ẹ dákẹ́, mò ń gbọ́ orin."

Orin náà parí.

"Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún," Màmá wá ní. "Kí ló dé tí ẹ ò kọjú sí mi kí ẹ sọ ọ́?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́. Ìwọ lo kọ ẹ̀yìn sí mi."

"Bí mo bá kọjú sí yín, ta ni á rán aṣọ?"

Rọra kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

Awakọ̀ yọ orí wọlé. "Màmá, ṣé a ń lọ àbí a ò lọ?"

"Wá bá mi tú okùn yìí."

"Okùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì?"

"O dì í dáadáa. Tú u."

Mo fi ẹ̀kẹta sí i. Kò tíì dé ìdajì tí Màmá fi ń mi orí. "Èyí kò gbọdọ̀ jáde. Apá kóòtù ni mo rán lódì, mo tú u, mò ń tún un rán, inú ń bí mi. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ jan irin máṣíìnì."

"Orin tó dára jù nìyẹn," Rọra wí, ó fa àga àwọn oníbàárà, ó jókòó.

"Létí ta ni?"

"Ibi tó o ti jan irin yẹn ló mú un gbóná."

"Kí gbogbo ayé máa gbọ́ pé mo rán apá kóòtù lódì?"

"Àwọn èèyàn ò mọ̀."

"Aránṣọ yòówù tó bá gbọ́ ọ á mọ̀."

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi kí n dá a. Mo ní èmi ni mò ń fọ orin, èmi kọ́ ni mò ń yan orin, mo sì ní orin méjìlá tí mo gbọdọ̀ tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi rédíò sílẹ̀ fún wọn. Mo ti dé ìkángun òpópónà kí n tó dẹ́kun gbígbọ́ wọn. Wọ́n ń tan ẹ̀kẹta náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Màmá sì ń sọ fún Rọra pé kó sún un síwájú, kó sún un síwájú, pé kò tíì dé ibi apá kóòtù.