Àtẹ́wọ́ fún Kofler

...wọ́n ń retí kí n sọ nǹkan. Èmi ni gbogbo agbo ń wò. Olùkọ́ bíi tèmi kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí — iṣẹ́ wa ni ká jókòó, ká máa wo ohun tí àwọn èèyàn ń fi ara wọn ṣe. Àmọ́ nǹkan kan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni? Ohun tó dáa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ yìí. Àbí kò dáa?

Lọ́jọ́ tí a dé ilé àlejò yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bébà tí mò ń dá lẹ́kọ̀ọ́ fẹnu kò pé kò sí "ẹ" mọ́ láàárín wa. "O" ni, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Òmìnira dé! Alois Kofler nìkan, bàbá àgbà tó ń tọ́jú iná ẹ̀rọ, ló kọ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá Lackner. Ẹnu mi ò gbà á ni."

"Kí lò ń fi pa mọ́ fún wa, Alois?" ẹnì kan nínú wọn bi í.

"Àbí a ò tó ẹni tí wàá bá ṣọ̀rẹ́ ni?" ẹlòmíì fi kún un.

"Ìwọ lò ń fa gbogbo wa sẹ́yìn o!" Lackner nìyẹn, ọ̀gá ẹ̀, tí Kofler lè bí lọ́mọ.

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ní kí ẹgbẹ́ yanjú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ àwa olùkọ́ lẹ́yìn ogun nìyẹn, pé Austria gbọ́dọ̀ mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ọ̀gá. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì... mo gbà á gbọ́.

Àfi bí Kofler ṣe dìde láàárọ̀ yìí. Ó kọjú sí mi. "Roswitha," ó ní, "ṣé o... ṣé o sùn dáadáa?" Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ni gbogbo yàrá bá gbà á.

Ariwo yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí.

Gbọ̀ngán abúlé wa ni, lọ́dún tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Austria, ṣáájú ogun. Bàbá mi nìkan ni kò tíì nawọ́ sókè kí olórí tuntun tí wọ́n gbé dé. Kò sẹ́ni tó lù ú. Àwọn aládùúgbò ni, àwọn tó ń bá a mu ọtí èso ápù. "Leopold, ìwọ nìkan lo kù o. Má kó bá wa." Ó nawọ́ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Inú èmi ọmọdé dùn, mo rò pé wọn ò ní yọ wá sílẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú.

Rárá, kò jọra. Ọ̀rọ̀ "o" lásán! Kò sẹ́ni tó máa kú níbí. Èèyàn dáadáa ni àwọn wọ̀nyí...

Èèyàn dáadáa ni àwọn yẹn náà.

Kofler ti jókòó. Kò wo Lackner, èmi ló ń wò. Kò bínú — ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi, bí ìgbà téèyàn ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Kí ni mo...

Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ṣì ń gbóná. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.